"Ọ̀rọ̀ àgbélébùú" kọ́, tìbú-tòòró ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Sùúrùlérè ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kí a máa pe eré ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, èyí tí Òyìnbó ń pè ní crossword, tí a ti ń kọ ìdáhùn sínú àwọn àpótí kékeré ní ìbú àti ní òòró, ní "ọ̀rọ̀ àgbélébùú". Àlàyé wọn kò ju ìlà kan lọ: cross ni àgbélébùú, word ni ọ̀rọ̀, ó parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹni mẹ́ta ti fọwọ́ sí i, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń lò ó. Inú dánfó ni mo ti ń kọ èyí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí bíríìjì Carter, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi, ẹ sì rán wa létí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. À-gbé-lé-ìbú: ohun tí a gbé lé nǹkan ní ìbú. Ìpajẹ, ìyẹn pípa ìró jẹ, mú ì lọ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó dúró síwájú ú, òun ló sọ ọ́ di bùú, bí a ṣe ń sọ pé igi dábùú ọ̀nà. (Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ní "àgbélébú" lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ohùn ìsàlẹ̀ yẹn padà sí àyè rẹ̀.) Ìbú nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òòró dà? Eré tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ń lọ lóòró, ẹ wá fún un lórúkọ tí kò mẹ́nu kan òòró rárá.

Èkejì, ọ̀rọ̀ náà ti ní olówó. Ẹ ṣí 1 Kọ́ríńtì 1:18, "ọ̀rọ̀ àgbélébùú" ló wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ìwàásù nípa ikú Jésù ló sì túmọ̀ sí. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí. Ìyá tó jókòó tì mí bi mí pé kí ni mò ń kọ sínú àwọn àpótí kékeré wọ̀nyẹn. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ àgbélébùú ni, mà." Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Olúwa á fún ẹ lókun láti gbé e." Àdúrà gidi ni wọ́n ṣe fún mi, mo sì ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé a kò gbọ́ ara wa yé?

Èyí tó dùn mí jù ni pé cross tí ẹ ń sáré tẹ̀ lé yẹn, àṣìṣe ló bí i. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn New York World, ló gbé àkọ́kọ́ eré yìí jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Word-Cross ni ó pè é. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń to lẹ́tà ìwé ìròyìn náà ṣèèṣì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó di Cross-Word, kò sì yí padà mọ́. Ṣé àṣìṣe àwọn atẹ̀wé ìlú New York la fẹ́ fi sọ ọmọ wa lórúkọ?

Orúkọ wà nílẹ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ní Èbúté Mẹ́ta. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ká ìwé ìròyìn sí mẹ́rin lórí orúnkún, pẹ́ńsùlù tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ títí tó fi kúrú bí ìka ọwọ́ á ti wà lẹ́yìn etí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń ta wá lólobó. "Tìbú, lẹ́tà márùn-ún, ohun tí ọba ń dé." Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo "crown" nínú àwa ọmọ ló ni ẹran orí àwo wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n á fọwọ́ ra irùngbọ̀n, wọ́n á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gba tòòró lọ bá a." Lọ́jọ́ kejì tí ìdáhùn bá jáde, wọn kì í wojú ewé yẹn títí wọ́n á fi kọ lẹ́tà kún ilé tó kù, ìyẹn àwọn àpótí kékeré náà.

Ìgbà kan wà tí ìwé ìròyìn kan tẹ olobó ọjọ́ mìíràn sábẹ́ ọpọ́n tiwọn, ìyẹn àkójọ ilé tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Odidi ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi fi bá a jìjàkadì. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n pa á rẹ́, títí ìwé fi lu. Wọ́n rò pé ọpọlọ àwọn ni ogbó ti dé bá. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kórìíra àìbìkítà irú èyí dòní.

Tìbú àti tòòró. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tìbú-tòòró." Kò sí ẹni tó ń yanjú eré yìí tí kì í yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo "ti" tó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. I ara rẹ̀ ti lọ, t nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹ mú bébà, ẹ kọ tìbú láti òsì lọ sí ọ̀tún, ẹ wá kọ tòòró sísàlẹ̀ láti ara t kan náà. Ìbú àti òòró kò ní lẹ́tà kankan tó pa wọ́n pọ̀, t yìí ló so wọ́n. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ya igun ọpọ́n sílẹ̀! Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dìde ní àga mi níbi iṣẹ́ ní Broad Street.

Àbúrò wa ní Yábàá ní "àdììtú ọ̀rọ̀" ló tẹ́ òun lọ́rùn. À-dì-ì-tú, àbúrò. Ohun tí a dì tí kò ṣeé tú ni. Eré tí wọ́n dì nítorí kí a lè tú u, tí ìdáhùn rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la, kì í ṣe àdììtú. Bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti kọ̀wé sí mi pé ì àárín yẹn kò sẹ́ nǹkan kan, pé ohùn ló kàn fà gùn. N kò gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì ná, ìjà tirẹ̀ ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló ṣe pàtàkì jù, torí a kò fẹ́ máa yanjú ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan títí ayé. Láàárọ̀ yìí, olobó kan ní "odò tó gba Exeter kọjá, lẹ́tà 3". Exe ni, odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò dé etí odò yẹn rí, mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ti jáde sí mi láìmọye ìgbà. Ọ̀sà sì wà lábẹ́ dánfó tí mo jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní odò lẹ́tà 4 tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ògùn.

Ẹnì kan ní tí a bá ṣe ti Yorùbá, kí a yọ àmì kúrò nínú ilé. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ṣé ẹyọ kan lẹ fẹ́ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà? Ẹlòmíràn ní kí àmì wà, kí fáwẹ̀lì tó bá pàdé jọ ní ohùn kan náà. Kò ní rìn jìnnà. Ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀, torí náà ibi tí ọkọ́ bá parí sí, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo rí. Kọ́ńsónáǹtì kò gba ohùn, yàtọ̀ sí aránmúpè aṣesílébù, ìyẹn n tàbí m tó dá dúró bíi sílébù, bí ń inú "ń lọ". Ní ọpọ́n Amẹ́ríkà, gbogbo ilé ló máa ń jẹ́ ti ọ̀rọ̀ méjì, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fo ilé kan kí ọ̀rọ̀ tó tún pàdé. Èdè wa náà ń fo bẹ́ẹ̀: fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì. Ẹ kọ àkàrà ní ìbú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gba orí k sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀rẹ́ gba orí r. Gbogbo àmì dúró, ẹnikẹ́ni ò fara gbún ẹnikẹ́ni. Orí kọ́ńsónáǹtì nìkan ni kí a máa pàdé.

Ní ti gb, ilé kan ni. Lẹ́tà kan ni nínú 25 tí a ní, n kò sì ní pín in sí méjì nítorí pé ẹ̀rọ àwọn kan ò mọ̀ ọ́n.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọpọ́n kékeré kan láti alẹ́ àná. Tìbú àti tòòró ti pàdé lórí t níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè, àgbélébùú yín náà wà níbẹ̀, ilé mẹ́jọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lóòró, b tó wà nínú bùú rẹ̀ sì jókòó gẹ́lẹ́ lórí b tìbú. Olobó rẹ̀ ni mi ò tíì kọ. Ẹ bá mi kọ ọ́.