Ṣé kí n máa fún ajá àti ológbò mi ní èso?

ỌmọKàbà: Okun o ẹ̀yin èèyàn mi. Ajá kan àti ológbò kan ló wà nílé mi níbí ní Kàbà. Ajá yìí, kí máńgòrò tó balẹ̀ ó ti dé bẹ̀, tí mo bá sì ń gé ìbẹ́pẹ á jókòó tì mí, á máa wo ọwọ́ mi, itọ́ á máa kán. Ológbò ní tiẹ̀ á gbóòórùn ẹ̀ á sì kẹ̀yìn sí i. Mo wá rí i lórí Facebook pé èso tó ní antioxidant (èròjà tó ń dáàbò bo ara) kì í jẹ́ kí wọ́n tètè darúgbó, wọ́n dárúkọ gréépù mọ́ ọn. Ṣé kí n máa fún wọn lójoojúmọ́?

Ìyá Bóbì: Háà, gréépù kẹ̀! Má dán an wò, ì báà jẹ́ tútù ì báà jẹ́ gbígbẹ, kíndìnrín ajá ló ń bà jẹ́, ó sì lè má pọ̀ rárá kó tó ṣe é. Ìbẹ́pẹ ò burú, bó èèpo ẹ̀, kó kóró ẹ̀ dànù, fún un díẹ̀. Máńgòrò náà, má jẹ́ kó gbé kóró mì, ó lè há a nífun.

BàbáOlókoÌjùmú: Ẹ ò dárúkọ káṣù tá a fi ń jẹun! Fítámì C inú èso ẹ̀ ju ti ọsàn lọ fíìfíì, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ajá àti ológbò ń ṣe fítámì C fúnra ẹ̀, àwa èèyàn ni tiwa ò lè ṣe é. Kóró ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ o. Ajá mi já kóró tútù jẹ lóko lọ́dún tó kọjá, òróró èèpo ẹ̀ tó ń bó wa lọ́wọ́ yẹn, ṣe ni ètè ẹ̀ wú, ó ń fẹnu ha ilẹ̀, ọjọ́ méjì ni ò fẹnu kan oúnjẹ.

Ológìnní_Ẹ̀gbẹ̀: Má bínú sí ológbò ẹ, ahọ́n wọn ò mọ adùn ṣúgà rárá, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kì í ṣe ìgbéraga (bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ìgbéraga náà). Ohun tó mú inú ìbẹ́pẹ pọ́n tí ara ajá ń sọ di fítámì A, tiwọn ò lè sọ ọ́ dà, àfi kí wọ́n rí i nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀dọ̀. Bọ ẹja fún un, yọ egungun ẹ̀, má fi àlùbọ́sà sí i, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ti ajá náà.

ỌmọKàbà: Ẹ ṣé gan-an o. Gréépù tí mo rà ní Lọ́kọ́jà ṣì wà nínú fíríìjì, èmi ni máa jẹ ẹ́ tán. Bàbá, kí lẹ wá fi sẹ́nu ajá yẹn?

BàbáOlókoÌjùmú: Omi ni mo kọ́kọ́ fi ń ṣàn án, mo wá gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.