Kí ni mo lè ṣe kí ara lè tu màmá mi nínú ọkọ̀ òfurufú?

Olùbéèrè:
Mo kí gbogbo yín o. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71, yóò bá mi wọ ọkọ̀ òfurufú lóṣù tó ń bọ̀, wákàtí 10 gbáko ni a ó sì lò lójú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́, etí wọn sì dí fún odindi ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ balẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Mo ti ra ìrọ̀rí ọrùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni ó ká mi lára jù. Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni ó tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti padà sókè sí ọkàn. Bí ènìyàn bá wá ká orúnkún kò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi yóò rọ́ sí kókósẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì wú. Wíwú yìí sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ bí ìrìn àjò bá ti kọjá wákàtí 4, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹsẹ̀, pàápàá lára àgbàlagbà, aboyún àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹ gba àga tó wà létí ọ̀nà àárín fún wọn, kí wọ́n lè máa dìde rìn. Bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà sókè, léraléra. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, nítorí kò yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó sì ń dun wọ́n, tàbí tí wọn kò lè mí dáadáa lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Arìnrìn-àjò:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti etí kún un. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yóò máa ki sí i, yóò sì máa ti awọ etí wọnú, àfi bí ihò tóóró tó so etí mọ́ ẹ̀yìn imú bá ṣí. Gbígbé itọ́ mì, yíyán àti jíjẹ ṣíngọ́ọ̀mù ló ń ṣí i. Ẹni tó sùn kì í gbé itọ́ mì tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń pa èmi náà lára tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jí màmá kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún lè di imú, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́, láìfi agbára ṣe é. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe wọ́n lọ́wọ́, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbéra.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ púpọ̀, nítorí náà kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Àga tó sún mọ́ ìyẹ́ ọkọ̀ kì í sì í mì tó ti ẹ̀yìn pátápátá.

Olùbéèrè:
Mo dúpẹ́ gan-an. Ìṣòro kan ni pé màmá kì í fẹ́ mu omi nínú ọkọ̀, nítorí ojú ń tì wọ́n láti máa dìde lọ sí ilé ìtọ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì:
Ẹ sọ fún wọn pé dídìde yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ wọn ń fẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ máa bá wọn dìde. Bí ẹ bá jọ ń lọ, ojú kò ní tì wọ́n.