"Aláìjóná" kọ́, "apẹ́jóná" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gbẹ́ni wa tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ dábàá pé ká máa pe gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ohun ọ̀gbìn ṣe fún lílẹ pákó pọ̀ ní "àtè ewéko aláìléwu", ká sì pe pákó tí wọ́n bá fi lẹ̀ ní "aláìjóná" àti "aláìgbomi". Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè gba ìkankan nínú wọn.

"Àtè" kọ́kọ́. Iṣẹ́ àtè ni pé kó má gbẹ, kí ẹyẹ tó bà lé e má lè fò mọ́. Gọ́ọ̀mù tí kò bá gbẹ kó le gan-gan, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ "àtè" fún káfíńtà níbí ní Ìkòròdú, á ní ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ dẹ ni. "Ewéko" náà kò sọ gbogbo òótọ́. Gọ́ọ̀mù sóyà tí Kaichang Li ṣe ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon, l'Amẹ́ríkà, kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀ tó ń dì í kí omi má tú u. Irú kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sí bébà ìnuwọ́ kó má já nínú omi. "Gọ́ọ̀mù sóyà" tó. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀gẹ́, "gọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́".

"Aláìléwu" ńkọ́? Formaldehyde, kẹ́míkà kan tó wà nínú gọ́ọ̀mù àtijọ́, ni wọ́n ń sá fún, òun ló ń ta ni lójú tí a bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Ní 2004 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ó dáa, a ti yọ ọ́. Eruku pákó tí ayùn ń tú síta ńkọ́? Àjọ kan náà ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa òun náà láti 1995. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ewu rẹ̀ kéré, ká fi mọ síbẹ̀.

"Aláìjóná" ló bà mí lẹ́rù jù. Ásíìdì fítíìkì, tó wà nínú èèpo ìrẹsì àti ọ̀pọ̀ hóró, ni wọ́n ń lò nínú àwọn gọ́ọ̀mù kan. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ojú pákó tètè di èédú tí iná bá kàn án, èédú yẹn á sì bo inú. Pákó náà ń jó. Ó kàn ń pẹ́ ni. Ẹni tó bá ka "aláìjóná" á gbé sítóòfù tì í pẹ́kípẹ́kí.

Àbá tèmi: apẹ́jóná. A ń sọ pé èèyàn "pẹ́ dé", a sì ní "abánigbélé", nítorí náà kò ṣàjèjì sí gírámà wa. Ti omi, dípò "aláìgbomi", apẹ́wú, torí wíwú ni káfíńtà fi ń mọ̀ pé omi ti wọ pákó. Mo mọ̀ pé ó dún bí orúkọ àìsàn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.