Bí a ṣe ń fi káàdì Whot wá 24

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama kékeré nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní Ìbàdàn, ìrírí tí mo sì fẹ́ sọ níhìn-ín dá lórí eré kan tí ó yí ojú tí àwọn ọmọ náà fi ń wo ìdá padà. Òfin eré náà kò ju èyí lọ: a ó fún ọ ní nọ́ńbà mẹ́rin, wàá lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o lè rò wọ́n pọ̀, o lè yọ ọ̀kan kúrò nínú òmíràn, o lè sọ wọ́n di púpọ̀, o sì lè pín wọn, ṣùgbọ́n 24 gbọ́dọ̀ jáde níkẹyìn. Robert Sun ló gbé e jáde fún títà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988 pẹ̀lú káàdì tí wọ́n tẹ nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin sí. Àwọn ará Ṣáínà a sì máa fi káàdì tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba ṣe é.

N kò rí irú káàdì ti Amẹ́ríkà yẹn rà nítòsí, ṣùgbọ́n ekukáká ni a fi máa rí ilé tí kò ní Whot ní àdúgbò wa, nítorí náà Whot ni mo lò. Mo yọ gbogbo 20 kúrò, mo yọ 11 títí dé 14 kúrò, ó wá ku 1, 2, 3, 4, 5, 7, 8 àti 10. Ẹni tí ó bá ti ń ta Whot tipẹ́ yóò ti ṣàkíyèsí pé kò sí 6, bẹ́ẹ̀ ni kò sí 9 nínú rẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé àìsí 6 yóò ba eré náà jẹ́, torí 6 lọ́nà 4 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó yá jù lọ sí 24, ṣùgbọ́n àǹfààní ni ó padà jẹ́ fún wa. Ọ̀nà tí ó rọrùn ti dí, àwọn ọmọ sì ní láti wo ibòmíràn. 4 pàápàá, mẹ́ta péré ló wà nínú páálí kan, ọ̀kan lára róbótó, ọ̀kan lára onígun mẹ́ta, ọ̀kan lára ìràwọ̀; ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré àtijọ́ tí a ti ń fi 4 mẹ́rin wá gbogbo nọ́ńbà láti òdo lọ sókè, ìwé àti bírò ni yóò fi ṣe ìyẹn.

Ọwọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣí sílẹ̀ ni 10, 7, 5 àti 2. Wọ́n rò ó pọ̀, ó jẹ́ 24, ilé sì gba ariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni 8, 5, 2 àti 1 dé, wọ́n sì rí i kíá pé 5 dín 2 jẹ́ 3, 8 lọ́nà 3 sì jẹ́ 24, àmọ́ wọn kò mọ iṣẹ́ tí wọn yóò fún 1, títí tí ọ̀kan nínú wọn fi rántí pé bí a bá sọ iyekíye di púpọ̀ pẹ̀lú 1, kò ní yí padà. Nígbà tí 1 mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọkùnrin kan ní kí a dá a padà, ó ní bí a ti lè wù kí á tò ó, kò lè kọjá 4. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ìdáhùn púpọ̀ lọ, nítorí pé kí ọmọ lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nǹkan kò ṣeé ṣe, ìmọ̀ gidi ni.

Àmọ́ ọwọ́ tí ó gbà wá ní àkókò jù lọ ni 3, 3, 8 àti 8. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ rí i pé 3 lọ́nà 8 jẹ́ 24, ṣùgbọ́n 3 kan àti 8 kan ṣẹ́kù, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pa á rẹ́. Wọ́n rò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 22. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní JSS 2 wá sọ 8 di púpọ̀ pẹ̀lú 8, ó jẹ́ 64, ó fi 3 pín in, ó sì fi 3 yòókù kún un. Ohun tí ó rí ni 24 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ìbínú.

"Àǹtí, ìdá kan nínú mẹ́ta yìí ló bà á jẹ́. Ṣé a ò lè yọ ọ́ dànù ni?"

Mo ní, "Má yọ ọ́ dànù. Bí a bá ní kí o fi ìdá kan nínú mẹ́ta pín 8, kí ni yóò jáde?"

Ó fa ìlà mẹ́jọ sínú ìwé, ó gé ìlà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn gígé náà. Kí ó tó kà wọ́n tán ni ojú rẹ̀ ti yí padà, torí ó ti mọ̀ pé 24 ni yóò jẹ́. Ó wá ku kí á rí ìdá kan nínú mẹ́ta yọ lára 3, 3 àti 8 tí ó ṣẹ́kù. Àwọn yòókù ti kó ara wọn jọ sídìí tábìlì nígbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ náà ló sì sọ ọ́: 8 tí a fi 3 pín jẹ́ 2 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì ku ìdá kan nínú mẹ́ta kí ó pé 3. Ó kọ ọ́ sára pátákó báyìí: 8 ÷ (3 − 8 ÷ 3) = 24. Ìdá tí ó ń bínú sí náà ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ṣí i.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn wá irú rẹ̀ kiri. Wọ́n rí 7 × (3 + 3 ÷ 7), wọ́n rí 7 × (4 − 4 ÷ 7), wọ́n tún rí 5 × (5 − 1 ÷ 5). Ohun tí mo ti ń sọ lẹ́nu títí nípa àkámọ́, pé iye tí ó wà níta gbọ́dọ̀ kan gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, inú 7 lọ́nà 4, tíí ṣe 28, tí a yọ 4 kúrò lára rẹ̀, ni ó ti yé wọn. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé bí ìdá bá ti yọjú láàárín iṣẹ́, wọ́n ti ṣìnà nìyẹn, wọn a sì pa iṣẹ́ tí ó dára rẹ́ kí wọ́n tó ṣe é dé ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ nípa eré wa, ó sì ń fi irú èyí tí wọ́n ń ṣe nínú Countdown, ètò ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ sí wa. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni ètò yẹn bẹ̀rẹ̀ lórí Channel 4, láti ara irú rẹ̀ tí ó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé. Nọ́ńbà mẹ́fà ni wọ́n ń fún olùdíje, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 30, a kò sì gba ìdá láàyè níbikíbi nínú iṣẹ́ náà. Èyí tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù ni 952, tí a ní kí á fi 25, 50, 75, 100, 3 àti 6 wá. Olùdíje kan, James Martin, rò 100 àti 6 pọ̀, ó sọ 106 di púpọ̀ pẹ̀lú 3, ó jẹ́ 318, ó tún sọ ìyẹn di púpọ̀ pẹ̀lú 75, ó di 23,850, ó yọ 50, ó sì fi 25 pín 23,800 tí ó kù. 952 jáde géérégé.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé 75 tí a fi 25 pín jẹ́ 3, 318 lọ́nà 3 sì jẹ́ 954. 50 tí a fi 25 pín jẹ́ 2, 954 dín 2 sì ni 952. Ṣùgbọ́n 25 kan ṣoṣo ló wà, kò sì lè pín ibi méjì, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ìparí ni a ti pín gbogbo rẹ̀ papọ̀. Mo fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé ìyẹn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó dá 1 mẹ́rin padà lọ́jọ́sí náà ló wá mú ọ̀nà mìíràn wá láti ilé wọn ní ọjọ́ kejì: 100 àti 3 jẹ́ 103, lọ́nà 6 jẹ́ 618, lọ́nà 75 jẹ́ 46,350, tí a bá fi 50 pín in yóò jẹ́ 927, 25 tí ó ṣẹ́kù ni yóò sì gbé e dé 952.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé a kò ní lo aago ní tiwa. Bí mo bá ka ìṣẹ́jú àáyá lé àwọn ọmọ wọ̀nyí lórí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin tí ó gé ìlà mẹ́jọ sí mẹ́ta-mẹ́ta kì bá sì ti débì kankan. Ìwé ni kí wọ́n máa kọ ọ́ sí, kí wọ́n má sì pa èyí tí kò bọ́ sí i rẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti máa ń rí ohun tí ó kù.

Ọwọ́ tí ó wà nílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ni 2, 5, 5 àti 10. Gbogbo rẹ̀ wà nínú Whot, 24 sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìdá bá yọjú sí yín láàárín iṣẹ́, ẹ dákun, ẹ má pa á rẹ́.