Orúkọ bàbá wa tó ti kú nìkan ló wà lórí ìwé ilé búrẹ́dì wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ó ti tó ọdún 14 tí mo ti ń bá bàbá wa ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn kí wọ́n tó kú. Ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, tí èéfín ààrò ti sọ di dúdú, orúkọ tiwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ òwò lásán ni, kì í ṣe kọ́ńpínnì. Báǹkì ti ti àkáǹtì pa, wọ́n ní àfi ká gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù. Mo dé ibẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lóun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Àwọn tó ń kó fúláwà fún wa sì ń béèrè owó wọn láràárọ̀.

Lọ́yà kan ní kí n dá kọ́ńpínnì tuntun sílẹ̀, pé òfin kọ́ńpínnì ọdún 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ní in. Ó dùn létí, àmọ́ ààrò yẹn ti di ogún gbogbo wa.

Tí mo bá fi kọ́ńpínnì tuntun lo ààrò náà kí ìwé kóòtù tó jáde, ṣé àbúrò mi lè pè mí lẹ́jọ́ pé mo fọwọ́ kan ogún láìgbàṣẹ?