Kí ni “pa” ń wá nínú “ìpàjẹsára”?

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá lọ́sẹ̀ tó kọjá, “ìpàjẹsára”, fún bí iṣẹ́ abẹ àti oògùn oorun tí wọ́n fi ń ṣe é ṣe ń dín ààbò ara aláìsàn kù, kò bá mi lára mu rárá.

Àjẹsára, ohun tí a jẹ sí ara ni. Abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ ló ni orúkọ yẹn. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ta ló jẹ ẹ́? A bí i mọ́ wa ni. Àmọ́ “pa” gan-an ló ń bí mi nínú.

Ẹ ní a máa ń pa iná, kì í ṣe pé a gba ẹ̀mí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná tí a bá pa, àfi kí ẹnìkan tún un dá. Ààbò ara kò rí bẹ́ẹ̀. Bí abẹ bá ti kan ara, kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìnira, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pa kòkòrò àti jẹjẹrẹ á rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì tún fúnra wọn gbéra. Ọgbẹ́ náà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Oògùn oorun bíi sevoflurane, àti mọ́fíìnì tí wọ́n fi ń pa ìrora, lè fi tiwọn kún un. Lásìkò kan náà, sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń rọ́ lọ síbi ọgbẹ́, ibẹ̀ á wú, á gbóná. Ṣé ohun tí a pa ló ń sáré bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ìyá mi, tí a gbé wọn padà sílé ní Ẹ̀pẹ́, ìyá àgbà wa tó ta ẹja ní ọjà Olúwo ká ìró méjì bò wọ́n títí dé ọrùn. Ìyá àgbà ní, “Àárẹ̀ ló mú ara rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òtútù tún bá a.” Àwọn dókítà náà kì í fẹ́ kí òtútù mú ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, torí òtútù a máa dín agbára sẹ́ẹ̀lì funfun kù, ojú ọgbẹ́ á sì tètè kẹ̀.

“Àárẹ̀ ààbò ara” ni mo fara mọ́. Ẹni tó rẹ̀ á sinmi, á dìde. “Rẹ̀” ló gbé e, kì í ṣe “pa”.