Ìlẹ̀mọ́ kọ́, ìdìmọ́ ni: lórí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò eyín onírin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ẹnu, pé ká máa pe implant, ìyẹn irin tí wọ́n ń fi sínú egungun àgbọ̀n kó lè gbé eyín dúró, ní "eyín àtọwọ́dá", ká sì máa pe osseointegration, ìyẹn bí egungun ṣe ń hù wá bá irin náà tí kò fi ní yọ mọ́, ní "ìlẹ̀mọ́ egungun". Ẹ ṣeun gan-an sà, ẹ̀yin lẹ là á sílẹ̀ tá a fi rí nǹkan sọ, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ti àkọ́kọ́ ò le. Eyín àtọwọ́dá ti níṣẹ́ tiẹ̀ tipẹ́, òun la fi ń pe èyí tí èèyàn ń yọ lálẹ́ tó ń fi sínú omi. Implant kì í tiẹ̀ ṣe eyín, gbòǹgbò ni, ṣíkúrù titanium kékeré tí dókítà yí wọnú egungun àgbọ̀n, tó bá yá ni wọ́n á wá gbé eyín lé e lórí. Àwọn kan ní ká pè é ní "eyín gbígbìn". Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ohun téèyàn bá gbìn là ń retí pé kó hù, irin yìí ò sì ní hù láéláé, egungun tó yí i ká ló ń hù. "Gbòǹgbò àfibọ̀" ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Èkejì gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Kí nǹkan méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tó ń lẹ̀ wọ́n, bóyá gọ́ọ̀mù bóyá àtè. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Per-Ingvar Brånemark, dókítà tó ń ṣèwádìí ní Swídìn, ní 1952, ó ki nǹkan kékeré tí wọ́n fi titanium ṣe bọnú egungun ẹsẹ̀ ehoro kó lè máa fi maikirosikóòpù wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun, ìgbà tó parí iṣẹ́ tó fẹ́ yọ ọ́, nǹkan ò yọ mọ́. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan níbẹ̀, kò sí ẹran rírọ̀ láàárín, egungun tó wà láàyè ló hù wá bá irin. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ti ń fi sínú egungun àgbọ̀n ṣáájú ìgbà yẹn, ńṣe lara máa ń fi ẹran rírọ̀ yí i ká, táá sì máa mì. Àìsí nǹkan láàárín yìí gan-an ni ìwádìí náà dá lé, tá a bá wá pè é ní ìlẹ̀mọ́, a ti da ọkàn ọ̀rọ̀ náà nù nìyẹn. "Ìdàpọ̀" náà ò ṣe é, torí egungun ò di titanium, titanium ò di egungun.

Èyí tí mo mú wá ni "ìdìmọ́". Bí ọmọ bá dì mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́rùn, èèyàn méjì ṣì ni wọ́n, àmọ́ afẹ́fẹ́ ò ráàyè kọjá láàárín wọn. Ẹnì kan á ní dì ti pọ̀ jù lẹ́nu wa, ẹ̀jẹ̀ ń dì, omi ń dì, a tún ń di ẹrù. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti dáa, nítorí ohun tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti fi gbòǹgbò yẹn síbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ á dì yí i ká, orí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ni gbogbo ìwòsàn tó kù ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun míì tún wà tí mo fẹ́ ká yà sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yí ṣíkúrù wọlé tí ò sì mì, ìdìmọ́ kọ́ nìyẹn o, ó há ni. Mo dábàá "ìhámọ́" fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ara á máa kó egungun tí wọ́n gbẹ́ fara pa kúrò, ìhámọ́ á máa dín kù, egungun tuntun á sì máa wọlé, ìdìmọ́ á máa pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí Brånemark àtàwọn èèyàn ẹ̀ nígbà náà fi ń dúró tó oṣù mẹ́ta fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti oṣù mẹ́fà fún ti òkè kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Ẹ ò ní rí ọ̀nà sọ ìyàtọ̀ yìí tó bá jẹ́ lẹ̀ lẹ mú.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn bára wọn jiyàn lórí orúkọ yìí náà. André Schroeder, onímọ̀ nípa eyín ní Swítsálandì, pè é ní functional ankylosis, ìyẹn ni pé ó gan, àmọ́ gígan tó wúlò ni. Mi ò ní gba "gígan" nítorí ọ̀rọ̀ àìsàn ni létí wa, ẹ sọ fún aláìsàn pé gbòǹgbò eyín ẹ̀ ti gan kẹ́ ẹ wo bójú ẹ̀ ṣe máa rí. Síbẹ̀ òótọ́ kan wà níbẹ̀ tí ìdìmọ́ ò gbé jáde tó: eyín àdáyébá ní fọ́nrán tín-ín-rín láàárín òun àti egungun, kò tó ìdajì mìlímítà, òun ló ń jẹ́ kó lè fì díẹ̀ tá a bá ń jẹun, gbòǹgbò àfibọ̀ ò ní in rárá. Kódà wáyà tí wọ́n fi ń to eyín ò lè sún un.

Ẹ jẹ́ ká fi sínú gbólóhùn wò. Ní 1965 ni Brånemark fi àwọn gbòǹgbò àfibọ̀ sí Gösta Larsson lẹ́nu, òun sì ni aláìsàn àkọ́kọ́, egungun dì mọ́ wọn, wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀ títí ó fi kú ní 2006. Tí tẹlòmíì bá wá bà jẹ́ ńkọ́? Àwọn olùṣèwádìí máa ń ya èyí tó bà jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó bà jẹ́ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwa á kàn sọ pé "kò dì" fún ti àkọ́kọ́, "ó ti tú" fún ti èkejì, ó parí.

Ti abutment tó so gbòǹgbò mọ́ eyín, "ọrùn" ni mo ń lò ní tèmi, ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó gbé e wá.